Mọ́tò ń gbóná nínú gosiló: ṣé kí wọ́n yọ tẹmọsítáàtì ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi. Corolla 2005 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀ ni, ó ti lo ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Tí mo bá jáde nílé láàárọ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá ti bọ́ sínú gosiló ní Berger, ọwọ́ géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan H, ibi tó gbóná jù. Bí ọ̀nà bá wá là, tí mo ti ń sáré lọ sí Ṣágámù, á padà wálẹ̀ sí àárín fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní tẹmọsítáàtì ni, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnì lọ sí rédíétọ̀ tí omi ti ń tutù, pé kí a yọ ọ́ dà nù, pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ ṣe é. Ṣé kí n gbà fún un?

* * *

Ẹ má gbà fún un. Kí Sátidé tó pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ ti dá tẹmọsítáàtì láre. Mọ́tò ń gbóná tó bá dúró, ó ń tutù tó bá ń sáré. Ká ní tẹmọsítáàtì ló há tí kò ṣí ni, orí eré gan-an ni ìbá ti le jù, torí pé orí eré ni ẹ́ńjìnì ti ń ṣe làálàá jù. Tẹmọsítáàtì kò mọ̀ bóyá Berger lẹ wà tàbí Ṣágámù. Afẹ́fẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ lu rédíétọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Tí ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò fẹ́ ẹ. Fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan mọ́tò, ẹ tan AC. Kò yẹ kó pẹ́ kí fáànù tó máa yí. Tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ wo méjèèjì, ẹ má torí pé ẹ gbọ́ ariwo ọ̀kan kẹ́ ẹ rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kan, ẹ fi síwájú gíríìlì. Ó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra. Tó bá ń tì í dà nù, rewáyà kan, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ti so wáyà rẹ̀ lódìkejì nígbà kan rí, fáànù yín sì ń bá afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà jà dípò kó ràn án lọ́wọ́. Mo ti rí èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Tí fáànù bá yè, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín kọ́ńdẹ́ńsà AC, tó wà níwájú, àti rédíétọ̀. Ewé, ọ̀rá, iyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò máa ń di sí àlàfo yẹn títí yóò fi dà bí ògiri. Láti iwájú, ẹ kò ní rí i.

* * *

Ó ti tó ẹni márùn-ún báyìí tó ní kí ẹ yọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: Nàìjíríà gbóná, òyìnbó ló nílò tẹmọsítáàtì nítorí yìnyín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ ní ọgbà mẹkáníìkì n'Íbàdàn. N kò gbà á rí.

Ooru Èkó tí gbogbo wa ń ké lé lórí, bíi 33 sí 35 ló ń jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnì ń fẹ́ kí omi inú òun wà ní nǹkan bíi 90. Lójú ẹ́ńjìnì, òtútù ni Èkó. Wọ́n ń wa Corolla ní Dubai àti ní Saudi, níbi tí ojú ọjọ́ ti ń kọjá 45 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹmọsítáàtì sì wà nínú mọ́tò tiwọn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Houston náà sọ ọ́ lókè pé ooru tàwọn kò kéré sí ti Èkó ní oṣù kẹjọ, kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn lásán ni tẹmọsítáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó tì, kí omi lè máa yí nínú ẹ́ńjìnì nìkan kó tètè gbóná. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ́, tó sì ń wú; bí omi bá ti tó bíi 82, ìda yẹn á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi gbígbóná á gba rédíétọ̀ lọ gbatẹ́gùn. Kò ní wáyà, kò ní kọ̀ǹpútà. Omi tó yí i ká nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Tó bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé kí ni mo rí tí mo fi ń gbóná lórí ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni.

Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ ní, mẹkáníìkì kan yọ tiẹ̀. Oṣù kìíní, inú mi dùn, ọwọ́ géèjì kò gòkè mọ́. Ọyẹ́ wá dé. Mo máa ń gbéra n'Íbàdàn ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo lè dé Ògèrè kí ọwọ́ géèjì máà tíì kúrò lórí C. Mo rò pé ìlera nìyẹn. Iná ẹ́ńjìnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sìkáànì rẹ̀, P0128 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì náà pa iná rẹ́, ó ní kí n má dá a lóhùn.

Epo ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi. Kọ̀ǹpútà mọ́tò, tó bá rí i pé ẹ́ńjìnì tutù, epo ló máa ń fi kún un, bí ẹni ń fi igi kún iná tí kò tíì ràn. Táǹkì tó ń gbé mi lọ, tó ń gbé mi bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín Ìbàdàn àti Èkó kò gbé mi dé ilé lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Nígbà yẹn, lítà epo kò tíì tó náírà 200. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo fò sókè tó sì kọ̀ tí kò padà sílẹ̀, ta ló tún lè fara da irú òfò bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, tí mo bá nǹkan funfun lábẹ́ rẹ̀, ó ki bí ògì. Ọkàn mi já. Mẹkáníìkì kejì tí mo fi hàn ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti lọ, pé òun máa tú orí ẹ́ńjìnì, ó sì ti ń ka owó fún mi. Bàbá àgbà kan tó ti tún mọ́tò ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Gate ló gbà mí. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì orí rẹ̀ mọ́. Ó wo omi rédíétọ̀, kò dín. Ó ní kí n tẹ mọ́tò, kò sí èéfín funfun, omi kò sì ń sọ yọ́kọ́yọ́kọ́ ní ẹnu rédíétọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì rẹ kò gbóná tó láti gbẹ ìrì inú ara rẹ̀ ni." Ó fi tẹmọsítáàtì sí i. Kò pé oṣù kan tí ògì yẹn fi pòórá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbóná lórí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì tí kò ṣe nǹkan kan.

* * *

Bàbá tó ní òun ti ń wa dánfó láti ayé Jákáńdè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ní ọkọ̀ yín ti lo ọdún mẹ́fà láìní tẹmọsítáàtì, kò sì sí nǹkan kan. N kò ní pe àgbà lónírọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ yín ń jáde ní ìdájí, ó ń ṣiṣẹ́ di alẹ́, pẹ̀lú èrò nínú. Kò rí àyè tutù. Mọ́tò ọ̀pọ̀ nínú wa ń rin ogún ìṣẹ́jú dé ibi iṣẹ́, ó ń tutù títí di ìrọ̀lẹ́, ó tún ń rin ogún ìṣẹ́jú padà. Tí kò bá ní tẹmọsítáàtì, inú òtútù ni yóò ti máa lo ìgbésí ayé rẹ̀.

Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Toyota, tẹmọsítáàtì ní abala méjì. Bí abala òkè ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwo kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ọ́ tán, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní gbangba títí láé. Díẹ̀ nínú omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnì láìfojú kan rédíétọ̀. Nínú gosiló orí afárá Third Mainland, mọ́tò tí wọ́n yọ tiẹ̀ lè gbóná ju èyí tí wọ́n fi tiẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé oògùn yẹn lè mú àìsàn le sí i.

Ọmọ ìyá wa kan dá sí i pé ìjàpá bàbá òun kò ní tẹmọsítáàtì omi, ó sì pẹ́ láyé. Òótọ́ ni. Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ láti 1975 kò ní omi rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ má fi wé Corolla.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sọ́dọ̀ omi. Àǹtí kan l'Ábẹ́òkúta ní omi bọ́hólù lòun ń rọ sínú rédíétọ̀ láti ọdún mẹ́rin, pé ìnákúnàá ni kuláàǹtì, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, níbi tí yìnyín kò sí.

Àǹtí, ohun kan wà tí ẹ fi jàre: omi lásán ń gbé ooru ju kuláàǹtì lọ. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ kò sọ òótọ́. Àmọ́ omi lásán ń hó ní 100. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ kuláàǹtì ní ìdajì-ìdajì, ó máa tó bíi 106 kó tó hó. Tí ìdérí rédíétọ̀ bá tún dé e pa dáadáa, yóò kọjá 120 kó tó hó. Ẹ wo orí ìdérí yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 0.9 tàbí 1.1, agbára tó lè dì mú nìyẹn. Tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti le tàbí tó ti là, omi á máa sá jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa wá ibi tó ń jò kiri. Ìdérí ni ohun tó wọ́n kéré jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Ti yìnyín, òun nìkan kọ́ ni iṣẹ́ kuláàǹtì. Ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń dáàbò bo pọ́ǹpù omi. Àǹtí, ẹ wo inú kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi bọ́hólù yẹn. Èépá funfun tó wà nídìí rẹ̀, òun náà ló ń dì sínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rédíétọ̀ yín. Kẹ́tùlù ṣe é fọ̀. Rédíétọ̀ kì í sábà ṣe é fọ̀ tán.

Tí owó kuláàǹtì kò bá tíì sí, ẹ ra omi bátìrì, èyí tí wọ́n ti sè yọ́ mọ́, kì í ṣe ásíìdì o, kí ẹ lò ó títí owó yóò fi dé. Ẹ má da kuláàǹtì pupa mọ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé tí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú méjèèjì, torí àwọn kan máa ń dì bí ògì tó sùn. Ẹ fa ti tẹ́lẹ̀ dà nù ná. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́: kuláàǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má tọ́jú èyí tó kù sínú ike omi mímu láé. Ọmọdé kò mọ̀, ajá kò mọ̀.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n tètè ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ooru lè jáde: ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ìdérí yẹn ni kò jẹ́ kí omi hó. Bí ẹ bá ṣí i báyìí, omi yẹn á hó yọ lójú ẹsẹ̀, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ni yóò sì fọ́n sí. Mo rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí apá rẹ̀ bó láti ìgúnpá dé ọwọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró, ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ẹ má sì bu omi tútù lé ẹ́ńjìnì gbígbóná, orí rẹ̀ lè wọ́ tàbí kó là.

Tó bá jẹ́ pé ẹ wà láàárín afárá tí ẹ kò lè dúró, ẹ pa AC, ẹ tan hítà dé òpin, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Yóò ni yín lára, àmọ́ rédíétọ̀ kékeré ni hítà jẹ́, yóò fa ooru díẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí ibi yà sí.

* * *

Fáànù dáírẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dárúkọ rẹ̀. Rewáyà á so fáànù mọ́ iná tààrà, kó máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣínà mọ́tò. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, tí ẹ fẹ́ délé, n kò bá yín wí. Àmọ́ tó bá di oṣù mẹ́fà tí ẹ ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa lápálápá ni. Rílè tàbí sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó máa tan fáànù, tó sì ti bàjẹ́, ṣì bàjẹ́ síbẹ̀, fáànù ń gbó, ọ́tánétọ̀ tó ń pèsè iná mọ́tò ń ṣiṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í fi fíúùsì sí wáyà yẹn. Iná mọ́tò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

* * *

Mẹkáníìkì kan dáhùn pẹ̀lú ìbínú. Ó ní àwa onímọ́tò kò mọ ohun tí ojú àwọn ń rí, pé tẹmọsítáàtì ayédèrú ló kún ọjà, àwọn fi tuntun sí mọ́tò oníbàárà, ó há lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnì jóná, oníbàárà sì mú àwọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyẹn ló mú kí àwọn máa yọ ọ́.

Ọ̀gá, nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ látàárọ̀, tiyín nìkan ló wọ̀ mí létí. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ra tuntun kan lọ́jà, nínú páálí tó dán, mo so ó mọ́ òwú, mo rì í sínú ìkòkò omi lórí iná, kò kan ìdí ìkòkò. Omi hó, kò là. Mo rì èyí tó gbó tí wọ́n yọ kúrò nínú mọ́tò, ó là kí omi tó hó, bí òdòdó. Ayédèrú wà. Àmọ́ ìkòkò omi kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń tú u fó. Kí ẹ tó fi sí mọ́tò ẹnikẹ́ni, ẹ sè é. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà dúró tì yín kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ tún béèrè bóyá bẹ́jíọ̀mù, èyí tí wọ́n ti lò lókè òkun, sàn ju tuntun lọ. Fún fáànù, èmi á ra bẹ́jíọ̀mù, ní Ládípọ̀ tàbí ní Àràròmí n'Íbàdàn, n ó sì ní kí wọ́n fi bátìrì yí i lójú mi kí n tó sanwó. Fún tẹmọsítáàtì, ìdérí àti rọ́bà, tuntun tó jẹ́ ojúlówó ni, torí rọ́bà tó ti gbó lókè òkun ti gbó náà nìyẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Fáànù méjì ló wà lẹ́yìn rédíétọ̀ rẹ̀, ọ̀kan kò yí. Rewáyà tú u, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó ra bẹ́jíọ̀mù, ó fi sí i, ó lo ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nínú gosiló Berger lánàá pẹ̀lú AC, ọwọ́ géèjì kò kúrò láàárín. Inú mi dùn gan-an.

Àmọ́ ó ní mẹkáníìkì òun ti yọ tẹmọsítáàtì lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó ka ìdáhùn wa. Ó ń béèrè pé nígbà tí mọ́tò kò gbóná mọ́, ṣé kí òun kúkú fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Rárá, ẹ dá a padà. Ẹ má bá ọ̀gá yẹn jà, ẹ kàn ní ẹ fẹ́ ẹ. Tí èyí tó yọ bá ṣì wà, ẹ sè é bí mo ṣe wí. Tó bá là, tó sì tún padà pa dé nígbà tó tutù, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ra òrùka rọ́bà rẹ̀ ní tuntun. Ẹ ó rí ihò kékeré kan létí rẹ̀ tí irin tín-ín-rín kan ń mì nínú rẹ̀: òkè ni kó wà, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Kí wọ́n rọ kuláàǹtì sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, kí wọ́n fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n tan mọ́tò pẹ̀lú hítà dé òpin, kí wọ́n máa rọ kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀, títí ọ̀pá rọ́bà rédíétọ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, yóò fi gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n dé e. Lọ́jọ́ kejì, ní ìdájí, kí ẹ tó tan mọ́tò, ẹ tún wò ó. Ó lè fẹ́ díẹ̀ sí i.